Ọjọ́ tí Agẹmọ Kọjá

Wọ́n ní kí obìnrin má jáde.
Ọ̀nà Ìmọ̀sàn dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́rù kúrò nínú rẹ̀.
Ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló ń rìn láàárín títì,
abo ni ewúrẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Mo gbọn ìrẹsì kúrò lára ọ̀rá, mo yọ kámẹ́rà mi jáde.
Ọdún kẹtàdínlógún rè é tí a ti jọ ń rìn.
Ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ ti já, rọ́bà irun ni mo fi ń dè é,
orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ti pa rẹ́,
ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi mọ bọ́tìnnì rẹ̀
bí ahọ́n ṣe mọ ihò eyín.

Lẹ́ǹsì méjì ni mo ní.
Èyí gígùn ń jẹ́ Ọrùn Àgùfọn.
Òun ni mo fi ká agbe mọ́ orí igi ọ̀mọ̀ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó,
agbe tó ti ń fi mí ṣẹ̀sín láti ìdájí;
aró ìyẹ́ rẹ̀ ṣì tutù nínú àwòrán náà dòní.
Èyí kékeré ń jẹ́ Súnmọ́mi,
nítorí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè.
Àfi kí o gbé ojú lé èèrà bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí fún un.
Òun ló fi hàn mí pé ewé ilá nírun bí apá géńdé,
pé ìrì kan ṣoṣo lórí ewé kókò
lè gbé gbogbo ilé wa dorí kodò, tòun ti páànù.

Ojú fèrèsé ìdáná ni mo jókòó sí.
Ìtàkùn ewùrà tí màámi gbìn kó tó kú ti gun irin fèrèsé.
Orí rẹ̀ ni mo ti rí i:
agẹmọ.
Kì í ṣe èyí tó fi ẹní bora o.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni tèmi,
tí ń bi ilẹ̀ léèrè kó tó tẹ̀ ẹ́:
yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò fà á sẹ́yìn, yóò tún un nà,
ojú ọ̀tún ń wo títì, ojú òsì ń wò mí.

Mo yí Súnmọ́mi, mo tún un yí,
mo di èémí mú bí ọmọ tó jí ẹja nínú ọbẹ̀.
Awọ rẹ̀ jáde wá díẹ̀díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀,
àwọ̀ ewé, àwọ̀ irin tó dípẹtà,
àti ọ̀kan tí n kò lórúkọ fún,
tí kò sì dúró kí n wá a.

Kọ̀yà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kanlẹ̀kùn.
"Àǹtí, ẹ yá mi ní kámẹ́rà yẹn. Ọkùnrin sáà ni mí.
Ẹ fún mi ní Ọrùn Àgùfọn, òkèèrè ni máa dúró sí."
Mo wò ó. Ọmọ náà ò burú.
Mo ní: "Ojú obìnrin ni kámẹ́rà yìí.
Ohun tí èmi ò gbọdọ̀ rí, òun náà ò ní í rí i.
Lọ fojú ara rẹ wò ó, kí o wá ròyìn fún mi...
rárá, má ròyìn."

Nígbà tó yá, nǹkan kọjá lójú títì:
ìró ẹní gbígbẹ tí ń wọ́lẹ̀, ohùn ọkùnrin púpọ̀.
Mo fi ọmọrí dé lẹ́ǹsì. Mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.
Ohun tó wà lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ ọ́n,
àìmọ̀ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìgbà tí mo yíjú padà, ìtàkùn ń mì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti lọ.
Fọ́tò mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan péré ló dúró kedere:
ojú kan, ó rí roboto,
irin fèrèsé mẹ́ta wà nínú rẹ̀,
àti obìnrin kan tó gbé nǹkan dúdú bojú.

N kò tíì fi han Kọ̀yà.